Kí ẹ tó ta quad yín, ẹ yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìrìn o. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ ta quad (alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin) tí a ti tún ṣe, kí a fowó kún un ra Raptor 700, quad Yamaha tó lágbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ná. Bó bá jẹ́ pé agbára rẹ̀ kì í gbé e gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ sprocket iwájú (kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń fa ṣéènì) sí èyí tí eyín rẹ̀ fi ẹyọ kan dín. Eré rẹ̀ lójú títì yóò dín díẹ̀, ṣùgbọ́n á máa gun òkè bí ewúrẹ́. Owó rẹ̀ kò sì tó ti quad tuntun rárá.

Ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ tàn án láàárọ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ wo èéfín rẹ̀. Bí èéfín náà bá ní àwọ̀ búlúù, tí kò sì lọ lẹ́yìn tó ti gbóná, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè iye ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ inú cylinder (ihò inú ẹ́ńjìnnì tí písítìnì ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀). Gbogbo gbígbẹ́ ló ń mú ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ sí i. Bó bá ti dé òpin ibi tí a lè gbẹ́ ẹ dé, èmi ò ní náwó lé e mọ́.

Tí ẹ bá wá fẹ́ tà á, ẹ tú àwọn ohun tí ẹ fi kún un, kí ẹ tà wọ́n lọ́tọ̀. Ẹni tó ń rà á kì í sábà san owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe sí i.