Ẹ yé fi owó ṣòfò: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹni tó ní lupus, làkúrègbé àti irú wọn

Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n ń pè mí ní ẹ̀ka abẹ́rẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́ níbí. Ẹni tó bá tò sẹ́yìn ẹni tí mò ń dá lóhùn á pòṣé títí á fi rẹ̀ ẹ́, torí mi ò kì í fa omi abẹ́rẹ́ kí n tó tú àpò oògùn onítọ̀hún wò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra prednisone, oògùn tó ń rẹ agbára tí ara fi ń bá àrùn jà sílẹ̀, lóṣooṣù, tó tún ń wọ mọ́tò lọ rí dókítà oríkèé ní Kùtọ̀nú, kò lówó tó yẹ kó máa dà sílẹ̀, òun gan-an ló sì ń dà á sílẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n rò ó síta kí inú mi lè rọ̀ díẹ̀.

Àwọn tí mò ń bá wí ni ẹni tí ọmọ ogun ara rẹ̀, ìyẹn ohun tó yẹ kó máa bá àrùn jà, kọjú ìjà sí i, bíi oní-lupus àti onílàkúrègbé, ẹni tó ń lo oògùn tó ń rẹ ọmọ ogun náà sílẹ̀, àti ẹni tó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò sídà. Ẹ ti mọ àìsàn yín, mi ò ní tún un ṣàlàyé.

1. Bíbéèrè pé "Ṣé mo lè gba abẹ́rẹ́?"

Abẹ́rẹ́ wo? Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan ní kòkòrò ààyè nínú, tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀: ti ibà pọ́njú, ti èéyi, BCG tí a ń gún fún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti ti rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sẹ́nu. Ara tó le á fi kòkòrò yẹn kọ́ ìjà, á sì pa á. Ara tí oògùn ti rẹ̀ sílẹ̀ lè má rí i pa.

Àwọn yòókù kò ní ohun alààyè kankan nínú: ti ipá, ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B, ti òtútù àyà, ti yírunyírun, ti gíríìpù tí a ń gún, ti rọpárọsẹ̀ tí a ń gún, ti ajá dìgbòlugi, àní ti ibà tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Wọn ò lè di àrùn sí yín lára. Ohun tó burú jù ni pé kí ara yín má fi bẹ́ẹ̀ dáhùn, kí ààbò tí ẹ rí gbà kéré sí ti ẹlòmíràn.

Wàyí o, ẹni tó gbọ́ pé ti ibà pọ́njú kò bá òun lára mu á wá kọ ti òtútù àyà náà, èyí tó jẹ́ pé irú rẹ̀ gan-an ló nílò rẹ̀ jù. Òtútù àyà ló sì ń gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn.

2. Wíwá lọ́wọ́ òfo

"Oògùn wo lẹ ń lò?" "Kóró funfun kékeré kan ni." Ìdajì ilé oògùn ni kóró funfun kékeré. Ẹ kó páálí rẹ̀ wá. Ẹ kó ti orí àtẹ wá pẹ̀lú, pàápàá oògùn ìsanra tí ẹ kì í fẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ sí. Dexamethasone ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọmọ ìyá prednisone ni, ó sì lágbára jù ú lọ dáadáa.

Iye tí ẹ ń lò lójúmọ́ ló ń pinnu. Ẹni tó bá ti ń lo prednisone tó 20 mg lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí abẹ́rẹ́ oníkòkòrò ààyè fún un. Àwọn dókítà tó ń tẹ̀lé ìlànà Faransé, ìyẹn púpọ̀ nínú tiwa níbí, tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀: tó bá ti kọjá 10 mg, wọn ò ní gbà. Ní ti ẹni tó ní kòkòrò sídà, CD4 la ń wò, ìyẹn iye ọmọ ogun ara tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí kò bá tó 200, kò sí ti ibà pọ́njú fún un. Ẹni tí àìsàn myasthenia tó ń sọ iṣan di aláìlágbára ń ṣe, tàbí tí wọ́n ti gé thymus rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré inú àyà, kúrò, kó má tilẹ̀ dá a lábàá kó tó rí dókítà.

3. Ríra abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò

Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B pọ̀ láàárín wa gan-an, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kò sì mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ń gún un: òní, oṣù kan sí i, oṣù kẹfà. Mo ti rí ẹni tó sanwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, tí àyẹ̀wò wá fi hàn lẹ́yìn náà pé kòkòrò yẹn ti ń bá a gbé tipẹ́. Abẹ́rẹ́ kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó ti ní in. Èyí tó tún burú ni pé àwọn oògùn tó ń rẹ ọmọ ogun ara sílẹ̀, rituximab pàápàá, lè jí kòkòrò tó ti sùn sínú ẹ̀dọ̀ dìde. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Ag HBs, tó ń fi hàn bóyá kòkòrò náà wà lára, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ná owó.

4. Dídá oògùn dúró "kí ara lè mọ́" de abẹ́rẹ́

Ẹ fara balẹ̀, torí eléyìí ló ń jẹ́ kí n máa dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìyá kan wà, oníṣòwò aṣọ, tí làkúrègbé tó ń wú oríkèé ti ń bá a fínra tipẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń lo prednisone. Àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó jọ pé kí màmá lọ sí Hájì. Ẹni tó ń bá wọn ṣètò ìrìn àjò gba owó, ó wá ní ìwé abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí màmá gbà láyé ìgbà tó ń ná ọjà Abidjan ti kú, pé ọdún mẹ́wàá péré ló ń lò, kó lọ gún òmíràn. Aládùúgbò kan tó gbọ́n díẹ̀ sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti prednisone kì í ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kí màmá sinmi oògùn fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, kí ara lè mọ́.

Bí ìyá ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, tó ń fi ọwọ́ gbá ògiri rìn, ètè rẹ̀ funfun.

"Màmá, oògùn wo lẹ ń lò?"

"Mi ò lo nǹkan kan mọ́, ọmọ mi. Mo ti fọ ara mi mọ́ sílẹ̀ de abẹ́rẹ́ yín."

Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ ọ́. Kí n tó béèrè ìgbà tó dá a dúró, ó ti bì sí mi lára bàtà, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Àwa méjì la gbé e gba àgbàlá kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú pàjáwìrì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lórí kíndìnrín wa, ẹṣẹ́ kékeré méjì wà tó ń ṣe irú oògùn yìí fún ara fúnra wọn. Tí prednisone bá ti ń ti ìta wọlé fún ìgbà pípẹ́, àwọn ẹṣẹ́ yẹn á káwọ́ gbera, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí olówó gba ẹlòmíràn lé lórí. Tí ẹ bá wá dá a dúró lọ́sàn-án kan òru kan, kò sí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́. Agbára ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, èébì á dé, èèyàn á ṣubú lulẹ̀, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Dókítà nìkan ló ń dín in kù, díẹ̀díẹ̀.

Òfò kejì ni pé sísinmi oògùn fún ọjọ́ díẹ̀ kò mú ọmọ ogun ara padà. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti dín in kù títí tó fi parí, ó kéré tán oṣù kan la fi ń dúró kí a tó gún abẹ́rẹ́ oníkòkòrò ààyè. Màmá ìbá tiẹ̀ lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò ní gún un.

Òfò kẹta ló bí mi nínú jù. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin rẹ̀ gbé báàgì ìyá rẹ̀ wá, ìwé ìyeyè àtijọ́ wà nínú rẹ̀, tó ti ká bíríkítí létí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tipẹ́ kí làkúrègbé tó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2016, lábẹ́ ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìwé ibà pọ́njú ti di ti títí ayé, kódà kí òǹtẹ̀ ọdún mẹ́wàá wà lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ìwé tó wà nínú báàgì ìyá yẹn ṣì dára látòkèdélẹ̀. Gbogbo èébì, gbogbo omi tí wọ́n fà sí i lára, gbogbo owó bẹ́ẹ̀dì, lórí abẹ́rẹ́ tí kò nílò ni.

Ẹ ṣáà mọ èyí tí ẹnì kankan ò sọ fún un? Abẹ́rẹ́ yírunyírun oríṣi mẹ́rin, ACWY, ni ilẹ̀ Saudi ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe Hájì, ó sì gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán kí wọ́n tó débẹ̀. Èyí kò ní ohun alààyè nínú. Ó gbà á nígbà tó jáde, pẹ̀lú prednisone rẹ̀ lápò, kò sì sí ohun tó ṣe é ju kí apá ro ó. Ó lọ, ó bọ̀, ó mú dàbínù wá fún mi. Ó tún mú ìwé ìyeyè dání, kí n bá a wò ó bóyá ó ṣì dára.

Ẹni tí kò gba ti ibà pọ́njú rí, tí dókítà sì ní kó má gbà á, ìwé àwáwí wà fún un. Dókítà á kọ ọ́, á fọwọ́ sí i, á lù ú ní òǹtẹ̀. Ìlú tí ẹ ń lọ ló máa pinnu bóyá yóò gbà á, nítorí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má lọ ra ìwé olóǹtẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín. Ẹ̀fọn kò mọ̀wé kà.

Oògùn kan wà tí dókítà lè ní kẹ́ ẹ dá dúró díẹ̀, methotrexate tí ẹ ń lò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lórí ti gíríìpù nìkan ni ìlànà àwọn dókítà oríkèé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti 2022 ti sọ ọ́: ọ̀sẹ̀ méjì, tí àìsàn bá rọlẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni o, kì í ṣe ṣáájú.

5. Jíjẹ́ kí rituximab ṣáájú

Tí wọ́n bá ti dárúkọ rituximab fún yín, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ béèrè abẹ́rẹ́. Ó sàn kí a ti gún àwọn tí kò ní ohun alààyè ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Tí oògùn náà bá ti wọlé, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ara kò fi ní fi bẹ́ẹ̀ dáhùn. Omi lásán lẹ máa sanwó fún.

Àwọn àṣìṣe yòókù nìyí. Gbígbé abẹ́rẹ́ sínú lẹ́dà dúdú. Ẹ rà á ní ilé oògùn ní Kùtọ̀nú, ẹ sọ ọ́ sínú lẹ́dà, ẹ gun zẹ́mì, ẹ wọ mọ́tò Àjàṣẹ́, ẹ dúró jẹun lójú ọ̀nà. Láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n ìgbóná Celsius ló gbọ́dọ̀ wà látìgbà tó ti kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹlòmíràn á sì gbọ́n jù, á kì í mọ́ yìnyín. Ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti ti ipá, tí wọ́n bá ti dì, wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìgò tí ìjọba ń kó fún wa ní àmì kan lára: ìgun mẹ́rin kékeré nínú òbìrí aláwọ̀ àlùkò. Bí ooru bá ṣe ń bà á ni ìgun mẹ́rin yẹn ń dúdú sí i. Tó bá ti dọ́gba pẹ̀lú òbìrí, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ. Ti yín kò ní àmì, èmi náà kò sì lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Mi ò ní gún un, ẹ ó sì bínú sí mi.

Gbígba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí ara gbóná tàbí tí àìsàn gbérí: ẹ padà sílé, ẹ bọ̀ tó bá rọlẹ̀.

Gbígbà pé abẹ́rẹ́ ló jí lupus yín torí apá wú: apá á wú.

Fífi ọmọ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àwọn tó ń kán rọpárọsẹ̀ bá ń kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń wá gan-an, pàápàá lágbègbè ẹnubodè, wọn á kun ìka ọmọ ní yíǹkì, wọn á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹnì kan wà nínú ilé tí oògùn ti rẹ ọmọ ogun ara rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ti gígún lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá ti kán an, kòkòrò náà á máa bá ìgbẹ́ ọmọ jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹlòmíràn ni kó máa nu ìdí ọmọ, kí gbogbo ilé sì máa fi ọṣẹ fọwọ́. Ní ti abẹ́rẹ́ èéyi, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbà á, kò ní ràn yín. Èéyi gidi tí ọmọ bá gbé ti iléèwé bọ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Wíwá lọ́sàn-án ọjọ́kọ́jọ́. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti ti èéyi, ìyẹ̀fun ni wọ́n máa ń jẹ́ nínú ìgò. Tí a bá ti po ó, wákàtí mẹ́fà ló kù fún un, ìgò kan sì tó èèyàn mẹ́wàá nígbà míràn. A kì í ṣí i fún ẹnì kan. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ìgò lọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ tó gun zẹ́mì, kẹ́ ẹ sì dé láàárọ̀. Kẹ́ ẹ sì kó páálí oògùn dání.