Bí mo ṣe wá nǹkan ṣe sí tábà tó ń rọ lóko
Lóko wa kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn, ewé tábà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì kọ́kọ́ máa ń rọ, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò gbẹ. Mo gé igi kan nídìí, mo ti ojú ibi tí mo gé bọ inú ife omi tó mọ́ gaara. Kò pẹ́ tí ohun funfun bí omi ògì fi ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Bakitéríà inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ralstonia solanacearum nìyẹn, tó máa ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi, nítorí náà, bíbomi rin oko kò lè yanjú rẹ̀.

Kókó wà lára gbòǹgbò pẹ̀lú, iṣẹ́ àwọn aràn tíntìntín tó ń dá ọgbẹ́ tí bakitéríà ń gbà wọlé. Àyẹ̀wò fi hàn pé ekan (ásíìdì) inú ilẹ̀ náà pọ̀ jù: pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó máa ń kéré sí i bí ekan bá ṣe ń pọ̀ sí i, jẹ́ 4.7, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 5.5 sí 6.5 ló bá tábà lára mu.

Mo hú àwọn igi tó ń rọ, mo sun wọ́n, mo la poro kí omi má bàa dúró, mo sì po láìmù, ìyẹn ẹfun tó ń dín ekan kù, mọ́ ilẹ̀. Àgbàdo ni mo gbìn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀pà. N kò gba tòmátì tàbí ata láàyè rárá, nítorí pé ìbátan tábà ni wọ́n, àrùn kan náà ló sì ń ṣe wọ́n. Nígbà tí a tún gbin tábà, ìwọ̀nba igi tó wà létí àbàtà nìkan ló rọ.