Ẹ̀kọ́ criminology nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kí ẹ tó san owó iléèwé

Bí ọmọ yín bá ní criminology lòun fẹ́ kà ní yunifásítì, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá inú fíìmù ló ti rí i. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn á wọ ìbọ̀wọ́, àwọn á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti irun wò níbi tí wọ́n ti pa èèyàn. Kẹ́mísìrì tàbí bàólọ́jì làwọn tó ń ṣe ìyẹn sábà máa ń kà. Ohun tí criminology ń wádìí ni ìdí tí èèyàn fi ń rú òfin, irú ẹni tí ọlọ́pàá ń dá dúró jù lójú pópó, àti bóyá ẹ̀wọ̀n ń tún ẹnikẹ́ni ṣe. Ìwé kíkà àti àròkọ ló pọ̀ níbẹ̀. Ìwádìí Macpherson lórí ọwọ́ tí ọlọ́pàá fi mú ikú Stephen Lawrence, ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n pa ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jáde lọ́dún 1999, wà lára ohun tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí. Ọmọ tó dàgbà sí Peckham, àdúgbò àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní ṣàì rí nǹkan sọ.

Ọdún 3 ni wọ́n fi ń kà á ní England, ọdún 4 ní Scotland, UCAS, iléeṣẹ́ tó ń gba ìwé ìbéèrè fún yunifásítì, sì lẹ ó gbà wọlé. Àgbàlagbà tí kò ní A-level, ìdánwò àṣekágbá iléèwé gíga níbẹ̀, lè kọ́kọ́ lọ ṣe Access to Higher Education Diploma ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ti owó, £9,535 ni òfin fi ṣe òpin ohun tí yunifásítì England lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kà sí onílé, ìyẹn ọmọ ilé (home student), lọ́dún ẹ̀kọ́ 2025/26. Ẹni tó bá físà akẹ́kọ̀ọ́ wá ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Pé ẹ ti gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mẹ́ta nìkan kò sọ yín di onílé lójú wọn. Wọ́n á tún wo irú ìwé ìgbélùú tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìwé ìgbélùú yìí gan-an ló máa ń dá àwọn èèyàn wa dúró lẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́, kì í ṣe èsì ìdánwò. Ẹ wo iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹ ò nílò oyè criminology láti wọ̀ ọ́. Àmọ́ ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì gba ìwé ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, ìyẹn ILR, wọ́n á sì fẹ́ rí i pé ó ti gbé níbí fún ọdún bíi mẹ́ta. Iṣẹ́ wọ́dà náà kò béèrè oyè. Àwọn èèyàn wa ti rí físà gbà nípasẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù keje 2025, owó ọdún tí òfin sábà ń béèrè fún físà Skilled Worker ti gòkè dé £41,700. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí iṣẹ́ wọ́dà fún yín, ẹ ní kó fi iye owó ọdún hàn yín lórí ìwé.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti wúlò tààrà ni probation, iṣẹ́ mímójú tó àwọn tí adájọ́ ní kí wọ́n ṣe ìjìyà wọn láàrin ìlú, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé. Ní England àti Wales, PQiP lorúkọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, owó oṣù sì ń wọlé bẹ́ ẹ ṣe ń kọ́ ọ. Ẹni tí oyè rẹ̀ bá ní àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ lórí ìwà ọ̀daràn àti ìjìyà nínú lè ṣe é ní oṣù 15. Oṣù 21 ni ti àwọn yòókù. Nítorí náà, ẹ bi yunifásítì bóyá àwọn kọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbà. Ní Scotland ẹ̀wẹ̀, àwọn social worker ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, criminology nìkan kò sì ní gbé yín débẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Báńkì ń wá àwọn tó lè yẹ owó oníbàárà wò, nítorí òfin 2017 lórí owó kúmọkùmọ fi dandan lé e pé kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣòwò. Èyí tó bá fu wọ́n lára, ọ̀dọ̀ National Crime Agency, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ńlá, ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Èmi gbà pé a lérè níbẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Òyìnbó tí kò mọ ohun tí à ń pè ní àjọ lè rí owó èèyàn méjìlá tó ń wọ àkáǹtì ìyá kan ní ìparí oṣù, kó ní jìbìtì ni.

Físà Graduate, tí ẹ lè fi wá iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, jẹ́ ọdún méjì. Fún ẹni tó bá béèrè láti January 1, 2027, ó di oṣù 18, àyàfi oníPhD, tí tirẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìwákiri. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà, torí àyẹ̀wò DBS, tí wọ́n fi ń wo àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn níbí, kò lè sọ bẹ́ ẹ ṣe hùwà ní Ìbàdàn. Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní àkáǹtì yín, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín, pé kí owó kan gba ibẹ̀ kọjá. Bí báńkì bá fi orúkọ yín sọ́dọ̀ Cifas, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ jìbìtì fún àwọn báńkì, nítorí rẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àwọn báńkì tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́ sì wà lára àwọn tó ń yẹ ibẹ̀ wò.