Bí mo ṣe rí ojú oórì ìyá àgbà

Ìyá bàbá mi kú ní 1987, wọn ò tíì bí mi. Nígbà tí bàbá mi pé 70 ọdún ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ohun kan ṣoṣo ló ní kí n ṣe fún òun: kí n lọ mọ nǹkan sí ojú oórì ìyá òun. Owó ò sí nígbà tí wọ́n sin ín, òkìtì yẹ̀pẹ̀ lásán ni wọ́n fi sílẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ láti Adó lọ sí ìlú wa lápá Ìkọ̀lé. Àjọní ni itẹ́ òkú ibẹ̀: Ángílíkà, Àgùdà àti Mùsùlùmí ló jọ ni ín, pèrègún ni wọ́n fi pààlà. Mo kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì ìjọ wa torí ìwé ìsìnkú. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà, àmọ́ ibi tí wọ́n sin ín sí kò ju "lẹ́bàá pèrègún" lọ.

Pèrègún náà ti di igbó! Òkìtì 4 ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìkankan ò ní àmì. Mo yọ àdá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro èyí tó ga jù.

"Ọmọ yìí, sàréè ta lò ń ro yẹn? Àbúrò bàbá mi mà nìyẹn!"

Bàbá kan tó ń ro ti ẹbí rẹ̀ lápá Mùsùlùmí ni. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wo bí òkìtì ṣe nà. Orí tiwa Kristẹni máa ń wà níwọ̀ oòrùn, ẹsẹ̀ á kọjú sí ìlà oòrùn. Àwọn Mùsùlùmí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n ń tẹ́ òkú lé, ojú á kọ sí Mẹ́kà, tó jẹ́ apá ìlà oòrùn fún wa, nítorí náà orí á wà lápá gúúsù. Tiwa nà ní òòró, tiwọn nà ní ìbú. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ló nà bíi tiwa.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. "Ẹ wa ibi orí díẹ̀," ni màmá wí, "ọlọ rẹ̀ la rì síbẹ̀." A ò wa ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ tí àdá fi ró kàn-ìn lára òkúta.

Bíríkìlà fi ọjọ́ 2 parí iṣẹ́. Bàbá yẹn ò béèrè nǹkan kan ju pé kí sìmẹ́ńtì má kọjá pèrègún. Mo ní kí wọ́n mọ ọlọ náà mọ́ ibi orí, kí ojú rẹ̀ wà lókè.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí bàbá mi. Kò béèrè iye tí mo ná. Ó ní ṣé àárín ọlọ yẹn ṣì jìn.