Abẹ́rẹ́ Kò Mọ Ibi Tí Imú Ọkọ̀ Kọjú Sí: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Ìtọ́nà Rédíò Lórí Símúlétọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí àwọn awakọ̀ òfuurufú ṣe ń fi rédíò wá ọ̀nà kí GPS tó dé kò nílò ju kọ̀ǹpútà tí ó lágbára díẹ̀, ọ̀pá ìdarí kan, àti ètò símúlétọ̀, tí ń ṣe àfarawé ìfò ọkọ̀ òfuurufú, bíi X-Plane tàbí Microsoft Flight Simulator lọ. Cessna 172 wà nínú méjèèjì, ọ̀pọ̀ àwọn ibùdó rédíò tí ó wà lórí ilẹ̀ gidi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkànnì àti àmì ìdánimọ̀ wọn. Ohun tí ó ṣòro ni pé símúlétọ̀ máa ń fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ jù. Ẹni tí ó ṣìnà nínú rẹ̀ kì í kú, kò sì sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò gbá a lọ́wọ́, nítorí náà àṣìṣe á ti di àṣà kí ó tó fura. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn níhìn-ín ni èmi fúnra mi ti ṣe, mo sì ṣe àwọn kan fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tí ojú pátákó rẹ̀ jẹ́ bí tẹlifíṣọ̀n méjì. Cessna tí ó ní G1000, ìyẹn irú pátákó bẹ́ẹ̀, yóò ya ilẹ̀, odò àti ọ̀nà síwájú yín, ojú yín yóò sì máa lọ síbẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ ti búra pé ẹ kò ní wò ó. Èyí tí ó ní àwọn aago róbótó ni kí ẹ yàn. Àmọ́ nínú èyí náà, ọ̀fìn kan wà tí ó ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn mì: lára ẹ̀rọ GPS bíi GNS 530, bọ́tìnnì kan wà tí a kọ CDI sí, òun ni ó ń pinnu bóyá GPS ni abẹ́rẹ́ aago ìtọ́nà àkọ́kọ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu tàbí rédíò. Bí ojú ẹ̀rọ náà bá ń kọ GPS dípò VLOC, ìyẹn rédíò, ẹ lè yí ìkànnì VOR (ibùdó rédíò ìtọ́nà tí ó wà lórí ilẹ̀) títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, abẹ́rẹ́ kò ní dá yín lóhùn. Nínú FSX, ìyẹn Microsoft Flight Simulator X ti ọdún 2006, bọ́tìnnì NAV/GPS ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Àṣìṣe tí ó tẹ̀ lé e kéré lójú, ṣùgbọ́n ìbínú tí ó ń fà kò kéré. Rédíò ní ojú méjì: èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àti èyí tí ó wà ní ìmúrasílẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ bá yí máa ń bọ́ sí ojú ìmúrasílẹ̀, àfi kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìpààrọ̀ kí ó tó wọ ibi iṣẹ́. Ẹni tí ó gbàgbé yóò máa tọ abẹ́rẹ́ ibùdó tí ó ti fi sílẹ̀ sẹ́yìn lẹ́yìn. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ má ṣe gba abẹ́rẹ́ kankan gbọ́ láìjẹ́ pé ẹ ti gbọ́ àmì Mọ́ọ̀sì ibùdó náà. VOR ti Èkó a máa pe ara rẹ̀ ní LAG: dí dàà dí dí, dí dàà, dàà dàà dí. Ti Ìbàdàn ni IBA: dí dí, dàà dí dí dí, dí dàà. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ ìlù dùndún lè rò pé èyí yóò rọrùn fún òun, ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀, nígbà tí Mọ́ọ̀sì kò ní ju gígùn àti kúkúrú lọ. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ sì fi etí bá a lọ.

Ẹ wo gíga yín pẹ̀lú. Àmì VOR ń rìn ní tààrà, kì í tẹ̀ lé ìyípo ilẹ̀. Ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, kò lè kọjá nǹkan bí 39 máìlì òkun, ilẹ̀ tí ó bá sì ga yóò tún dín in kù. Ẹni tí ó ń fò nísàlẹ̀ tí ó sì ń bú ẹ̀rọ rẹ̀ pé kò gba àmì ibùdó tí ó jìnnà, kí ó kọ́kọ́ gùn sókè.

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni a ti kan ohun tí ó bí ìdajì àwọn àṣìṣe yòókù. VOR ń tan ìtànṣán 360 káàkiri bí wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ó ti àárín jáde, a sì ń ka wọn láti àríwá kọ́ḿpáàsì. Àwọn awakọ̀ a máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní radial. Àmì méjì ni ibùdó náà ń rán jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìkọ̀ọ̀kan ń lu ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ yóò wo bí ọ̀kan ṣe gbẹ́yìn èkejì tó, ìyàtọ̀ yẹn ni yóò sì sọ ìtànṣán tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Nínú gbogbo ìṣirò yìí, kò sí ibi tí a ti bèèrè ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan ní ibi tí ó jìnnà sí ibùdó. Gbogbo ayé ni yóò yí, abẹ́rẹ́ VOR yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Síbẹ̀ ohun tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń bi í ni pé, "Ọwọ́ wo ni kí n yà sí?" OBS ni bọ́tìnnì yíyí lára aago tí a fi ń yan ìhà tí a fẹ́. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń dáhùn ni pé, "Bí o bá kọjú sí ibi tí o yí OBS sí, ọ̀nà rẹ wà ní apá òsì tàbí apá ọ̀tún." Ìdáhùn yìí kò wúlò àfi fún ẹni tí ó kọjú síbẹ̀ lóòótọ́.

Mo san owó ilé ẹ̀kọ́ yìí lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Láti DNMM (pápá ọkọ̀ òfuurufú Èkó) dé DNIB (ti Ìbàdàn) jẹ́ nǹkan bí 60 máìlì òkun, ìhà tí a kọjú sí sì súnmọ́ dígírì 040 lórí kọ́ḿpáàsì. Mo gbéra, mo yí OBS sí 040 lórí VOR Èkó, àmì FROM, tí ń sọ pé ìhà tí a yàn ń kúrò lọ́dọ̀ ibùdó, jáde, gbogbo rẹ̀ dára. Nígbà tí mo dé ìdajì ọ̀nà, mo yí rédíò sí Ìbàdàn, mo sì ro ó nínú ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí Ìbàdàn wà níwájú mi lórí 040, èmi náà wà lórí ìtànṣán 220 ti Ìbàdàn. Ìrònú náà kò ní àléébù. Àléébù wà nínú ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀: mo yí OBS sí 220. FROM jáde, n kò sì kọbi ara sí i. Abẹ́rẹ́ yẹ̀ sí òsì díẹ̀, mo yà sí òsì. Ó tún yẹ̀ sí i, mo tún yà sí i. Bí mo ti ń lé e ni ó ń sá, nítorí pé òsì ẹni tí ó kọjú sí 220 ni ọ̀tún ẹni tí ó kọjú sí 040. Nígbà tí mo ṣí máàpù, ìhà Abẹ́òkúta ni mo ń lọ. Ẹni tí ó ń lọ sọ́dọ̀ ibùdó, ìhà tí ó ń lọ ni kí ó yí OBS sí, kí àmì TO, ìyẹn sọ́dọ̀ ibùdó, sì wà lójú aago. Ẹni tí ó ń kúrò níbẹ̀, ìhà tí ó ń lọ náà ni, kí FROM wà níbẹ̀. Bí nọ́ńbà OBS àti nọ́ńbà orí atọ́ka ìhà (aago tí ń fi ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí hàn) bá jìnnà síra tó 180, ẹ má ṣe tẹ̀ lé abẹ́rẹ́ náà ní ìṣísẹ̀ kan.

Ọmọ ìyá àṣìṣe yẹn ni lílé abẹ́rẹ́ kiri. Láti àárín dé etí aago jẹ́ dígírì 10, àmì tóótòòtó márùn-ún, ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ dígírì 2. Dígírì 2 ní 60 máìlì jẹ́ máìlì 2 gbáko. Ní 30 máìlì ó jẹ́ máìlì 1. Ní máìlì 3 kò ju nǹkan bí 600 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Nítorí náà abẹ́rẹ́ tí kò fẹ́ẹ́ rìn ní ọ̀nà jíjìn yóò máa sáré bí ọkọ̀ bá ti súnmọ́ ibùdó. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í fara da ìlọ́ra ti àkọ́kọ́. Ó yà ní dígírì 20, abẹ́rẹ́ kò padà kíákíá, ó fi 30 kún un, abẹ́rẹ́ wá dé lójijì ó sì kọjá sí apá kejì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọkọ̀ tí ń sáré ní 100 nọ́ọ̀tì (máìlì òkun 100 ní wákàtí kan), tí ó fi dígírì 20 gé ọ̀nà, yóò lò ju ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lọ kí ó tó gba máìlì kan padà. Ẹ yan ìhà kan, ẹ dì í mú, kí ẹ sì dúró. Ní orí ibùdó gan-an, abẹ́rẹ́ yóò máa ṣe bí ẹni tí ó mutí, àmì TO yóò parẹ́ kí FROM tó yọjú. Ẹ má ṣe bá a jà níbẹ̀. Ìhà tí ẹ dì mú ni kí ẹ máa bá lọ.

Ọ̀pọ̀ a máa pa afẹ́fẹ́ nínú símúlétọ̀ kí ẹ̀kọ́ lè rọrùn, wọn a sì gbàgbé láti tan án padà láé. Ẹ gbìyànjú Èkó sí Cotonou ní ìgbà òjò. Ìrìn 57 máìlì òkun ni, ní nǹkan bí 257, afẹ́fẹ́ sì sábà máa ń fẹ́ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Bí ó bá ń fẹ́ láti 215 ní 15 nọ́ọ̀tì, tí ọkọ̀ yín sì ń sáré ní 100, ẹni tí ó kàn kọjú sí 257 yóò rí ara rẹ̀ ní nǹkan bí máìlì 6 sí àríwá, nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, nígbà tí ó yẹ kí ó máa wo òkun. Dígírì 6 sí òsì ni ó nílò láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́nà ti Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí kan náà ń ti ìdí ọkọ̀ ni, ọyẹ́ sì ń dojú kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó ń fi ọ̀nà yẹn nìkan kọ́ṣẹ́ kì í fi í mọ ohun tí a ń pè ní ìgbálọ afẹ́fẹ́.

Lórí ADF, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tí ń wá ibùdó rédíò àtijọ́ tí a ń pè ní NDB, ni ìyà afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Abẹ́rẹ́ ADF yàtọ̀ sí ti VOR, nítorí pé ó ń nàka sí ibùdó NDB láti imú ọkọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ìhà tí ẹ kọjú sí kún un: bí ẹ bá kọjú sí 030, tí abẹ́rẹ́ sì wà ní 070, ibùdó wà ní 100. Àṣìṣe gbogbo ayé ni kí a kàn máa gbé imú sí ibi tí abẹ́rẹ́ nà sí. Ẹ ó débẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipa ọ̀nà yín yóò tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ bí ọrun ọdẹ, ẹ ó sì gba ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ wọlé. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ADF kò ní àsíá tí ń kìlọ̀ bí àmì bá kú. Abẹ́rẹ́ á kàn dúró sójú kan. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà awakọ̀ fi máa ń jẹ́ kí Mọ́ọ̀sì NDB máa dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní etí wọn títí wọn yóò fi lò ó tán.

Ìṣirò yẹn kò sì ní níláárí bí atọ́ka ìhà bá ti purọ́. Ohun tí ń yí nínú rẹ̀ a máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì ní láti bá kọ́ḿpáàsì mu ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 15, nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní títẹ́jú tí kò sì yà. Nínú FSX, lẹ́tà D ni ó ń tún un ṣe. Títẹ̀ ẹ́ rọrùn débi pé a máa ń gbàgbé rẹ̀. Àwọn mìíràn ti pa ìyẹ̀ náà nínú ètò wọn láìmọ̀, wọ́n sì rò pé atọ́ka ìhà kì í ṣìnà.

DME kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ó ń wọn ọ̀nà láti ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ dé ibùdó. Ẹni tí ó wà ní 6,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè ibùdó yóò ka máìlì 1, nítorí náà kí ó má ṣe dúró de òdo. ILS, rédíò tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí pápá, ń kọ́? Ẹ fi sílẹ̀ ná. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ yára ní ìlọ́po mẹ́rin ti VOR, dígírì 2.5 ni láti àárín dé etí, ẹni tí kò tíì lè dì VOR mú yóò kàn máa yí bírí níwájú pápá ni. Ohun kan péré ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀: ẹ má ṣe gbà á láti òkè wá, torí pé ìlà ìsọ̀kalẹ̀ èké wà lókè ti òótọ́.

Èyí tí ó kù jẹ́ ti símúlétọ̀ nìkan. Máàpù kò ju bọ́tìnnì kan lọ sí ìka, bí ọkàn bá sì ti pami díẹ̀ ni ọwọ́ ti ń lọ síbẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ má ṣí i láé. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ dá eré dúró, ẹ yí OBS sórí VOR Èkó títí abẹ́rẹ́ yóò fi wà láàárín pẹ̀lú FROM, ẹ fa ìlà náà sórí bébà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti Ìbàdàn, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé. Àmọ́ ẹ má ṣe gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí ẹ wà lórí ọ̀nà tààrà láàárín ìlú méjèèjì, nítorí pé ìlà kan náà ni ẹ ó fà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní sí ibi tí wọn yóò ti pàdé. Ẹ yà sí ìhà Abẹ́òkúta kí ẹ tó ṣe é, lọ́tẹ̀ yìí kí ó jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ lọ ni.