Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú lílo owó Interreg fún iṣẹ́ àjọṣe ní ẹnubodè Yúróòpù

Láti ọdún 1990 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń fi owó ìlú ran àwọn agbègbè tí ẹnubodè là láàárín lọ́wọ́, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Interreg. Ìpele kẹfà ètò náà ni a wà báyìí, láti 2021 sí 2027, owó tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún un tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 8 yúrò. Iṣẹ́ tí owó yìí ń ṣe wù mí púpọ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń gbé lẹ́bàá ẹnubodè ni ó mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ọn jù lọ bá wà ní orílẹ̀-èdè kejì. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí kí owó iṣẹ́ gidi bọ́ sọnù lórí àṣìṣe tí ìwé òfin ti kìlọ̀ rẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni kí á kó iṣẹ́ méjì tí kò tan mọ́ra jọ, kí á dì wọ́n sínú ìwé kan, kí á sì pè é ní àjọṣe. Ẹ jẹ́ kí á ro ti ìlú kékeré méjì, ọ̀kan ní Jámánì, èkejì ní Netherlands. Ìlú kìíní fẹ́ tún ọ̀nà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe, èkejì náà fẹ́ tún tirẹ̀ ṣe, ọ̀nà méjèèjì kò sì pàdé níbì kankan. Ìwé wọn ìbáà dára tó báwo, kò lè yege, nítorí kì í ṣe pé kí àwọn alájọṣe wá láti orílẹ̀-èdè méjì, ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Àjọ Ìṣọ̀kan, nìkan ni òfin béèrè. Ó tún béèrè pé kí wọ́n jọ gbèrò iṣẹ́ náà, kí wọ́n jọ ṣe é, kí wọ́n sì jọ pèsè òṣìṣẹ́ tàbí owó, tàbí méjèèjì. Ẹ wo ilé ìwòsàn Cerdanya ní Puigcerdà, láàárín àwọn òkè Pyrenees, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014. Orí ilẹ̀ Sípéènì ni ó wà, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Faransé àti ti Catalonia, ẹkùn kan ní Sípéènì, ni wọ́n jọ ń ṣàkóso rẹ̀, aláìsàn láti ìhà méjèèjì ni ó sì ń tọ́jú. Bí ìhà kan bá yọwọ́, kò tún lè jẹ́ irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó fi ìwé yín ránṣẹ́, ẹ bi ara yín bóyá iṣẹ́ yín á ṣì máa lọ geere bí alájọṣe yín bá yọwọ́ lọ́la. Bí ó bá lè máa lọ bẹ́ẹ̀, kò tíì di àjọṣe.

Èkejì ni kí á rò pé wọ́n á kó owó fún wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí rí: nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹnubodè, owó Àjọ Ìṣọ̀kan kì í kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù sì di ti àwọn alájọṣe tàbí ìjọba tí ó bá dúró tì wọ́n. Ní ti ìdá 80 náà, ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ ná an. Ẹ óò san owó iṣẹ́, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ní orílẹ̀-èdè yín á yẹ̀ ẹ́ wò, alájọṣe tí ó jẹ́ aṣíwájú á kó ti gbogbo yín pọ̀, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á tó dé iwájú àjọ tí ń ṣàkóso owó, òfin sì fún àwọn yẹn ní ọjọ́ 80 láti sanwó. Ẹgbẹ́ kékeré tí kò ní owó lọ́wọ́ lè fi èyí wọ gbèsè ní báńkì, èlé orí gbèsè náà kò sì sí lára ohun tí Interreg ń san padà. Bí ẹ kò bá lè gbé ìnáwó oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ẹ dín iṣẹ́ yín kù, tàbí kí ẹ wá àyè nínú àpò owó kékeré tí àwọn ètò kan yà sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ bíi tiyín.

Owó òṣìṣẹ́ ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ti máa ń fa ìlà pupa jù. Òfin gbà kí á fi ìdá kan ṣírò rẹ̀ láìsí ìwé ẹ̀rí owó oṣù kankan. Bí àwọn ìnáwó tààrà yòókù, ìyẹn èyí tí ẹ ná sórí iṣẹ́ náà gan-an, bá jẹ́ 100,000 yúrò, tí ètò yín sì gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, owó òṣìṣẹ́ di 20,000. Ìdá 15 nínú 20,000 yìí, èyí tí í ṣe 3,000, lè jẹ́ ti ọ́fíìsì, ìdá 15 mìíràn sì lè jẹ́ ti ìrìn àjò àti ibùsùn. Ibi tí àṣìṣe ń gbà wọlé ni pé ẹnìkan á gba 3,000 ti ọ́fíìsì, á sì tún kó ìwé owó iná mànàmáná, ti tẹlifóònù àti ti bébà ìtẹ̀wé wá lọ́tọ̀. Inú 3,000 yẹn ni gbogbo wọn wà tẹ́lẹ̀. Ó ti béèrè owó kan náà nígbà méjì nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tí ń fi apá kan àkókò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà kò nílò láti máa kọ wákàtí sílẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ bá ti fún un ní ìwé tí ó sọ iye ìdá àkókò rẹ̀ lóṣooṣù. Ìwé ojú kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n ń gbàgbé rẹ̀ kò lóǹkà.

Àwọn ohun kéékèèké kan tún wà. Owó ìtanràn àti owó ẹjọ́ kò sí lára ohun tí a ń san padà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bùn tí iye rẹ̀ bá ju 50 yúrò lọ. Alájọṣe ní Sweden tàbí Poland, tí kì í ná yúrò, kò gbọdọ̀ fi iye tí báńkì rẹ̀ ṣẹ́ owó fún un ṣe ìṣirò: iye tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Yúróòpù kéde fún oṣù tí ó fi ìnáwó náà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ni kí ó lò, bí òun bá sì pàdánù nínú rẹ̀, òun ni yóò gbé e.

Ẹ má pín iṣẹ́ àgbàṣe kan sí wẹ́wẹ́ kí ó má baà dé iye tí ó ń béèrè ìpolongo fún gbogbo agbaṣẹ́ṣe. Ẹ má sì béèrè owó fún iṣẹ́ tí ẹ ti parí kí ẹ tó kọ ìwé ìbéèrè. Bí alájọṣe kan bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń tajà, ẹ tètè yẹ òfin ìrànwọ́ ìjọba wò; láti January 2024, ìrànwọ́ kékeré fún ilé-iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ ju 300,000 yúrò láàárín ọdún mẹ́ta.

Àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan pẹ̀lú orúkọ Interreg kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìwé àlẹ̀mógiri tí ó tó A3 ni ó kéré jù fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Fún iṣẹ́ ìkọ́lé tàbí ìrajà tí iye rẹ̀ ju 100,000 yúrò lọ, pátákó tí kò ní tètè bàjẹ́ ni. Ẹni tí kò bá ṣe é, tí kò sì tún un ṣe, lè pàdánù tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀.

Èyí tí mo fi sẹ́yìn ni àdéhùn láàárín àwọn alájọṣe, tí ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ sí láìkà. Bí alájọṣe kan bá ná owó ní ìnákúnàá, ọ̀dọ̀ aṣíwájú ni wọ́n ti máa gbà á padà, lẹ́yìn náà ni aṣíwájú á tó máa lé ẹlẹ́ṣẹ̀ náà ká fún tirẹ̀, kọjá ẹnubodè, ní èdè mìíràn, lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè mìíràn. Kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín, kí owó tó wọlé, iye ọjọ́ tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ní láti san padà àti ilé ẹjọ́ tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé, nítorí ọdún márùn-ún gbáko ni ẹ óò fi pa gbogbo rẹ̀ mọ́, tí ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti 31 December ọdún tí wọ́n san owó ìkẹyìn fún yín, kódà bí ẹni tí ó kọ àwọn ìwé náà bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.