Ìgbéyàwó Tí Ẹbí Fọwọ́ Ara Wọn Ṣe: Àṣìṣe Tó Ń Bà Á Jẹ́ Kí Àlejò Tó Dé

Ẹbí tó bá ní àwọn ò ní pe oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́, pé àbúrò ìyàwó ló máa ṣe kéèkì, kì í sábàá jẹ́ pé wọn ò mọ iṣẹ́ ọwọ́. Téèpù télọ̀ ni wọn kì í mú dání. Ohun tó yẹ kí wọ́n wọ̀n ni wọ́n ń fojú dá.

Orí aṣọ tábìlì lowó ti ń kọ́kọ́ ṣòfò. Òṣogbo ìlú aró, kò sẹ́ni tí kò ní fẹ́ lo àdìrẹ. Yáàdì 5 ni wọ́n sábà ń tà á, ẹni tó rà á á sì rò pé ọ̀kan tó tábìlì kan. Kò tó o. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 6 gùn ní íǹṣì 72, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga tó 30. Kí aṣọ tó kanlẹ̀ yí ká, ó gbọ́dọ̀ gùn tó 132, kó fẹ̀ tó 90. Àdìrẹ tó fẹ̀ ní íǹṣì 45, ẹ máa rán méjì pọ̀ ni, ìyẹn yáàdì 8 fún tábìlì kan ṣoṣo! Ẹ ra aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú fún ìsàlẹ̀, kí ẹ wá gé àdìrẹ sí ọ̀já tó fẹ̀ ní íǹṣì 15, tó gùn ní 90. Yáàdì 5 tí kò tó bo tábìlì kan á di ọ̀já 6, fún tábìlì 6.

Ṣùgbọ́n ẹ má mú àdìrẹ tuntun jáde látinú ọ̀rá kí ẹ tẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rẹ áńkáṣíìfù funfun sómi, ẹ fi ra ibi tó dúdú jù lára aṣọ náà nígbà mẹ́wàá. Bí áńkáṣíìfù bá di búlúù, aró ṣì pọ̀ lórí rẹ̀. Omi tó ń kán lára ìgò mínírà tútù nìkan ti tó láti fà á sórí aṣọ funfun ìsàlẹ̀, ká má tíì sọ léèsì ìyàwó tó bá fara kan án. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ omi títí á fi mọ́, kí ẹ sá a síbi tí òòrùn ò ti pa á. Iyọ̀ àti fínígà táwọn kan ń dà sí i kò mú aró di mọ́ aṣọ. Omi ló ń ṣiṣẹ́ náà.

Màrìwò rẹwà lẹ́nu géètì, kò sì gbówó lórí, àmọ́ bí ẹ bá ti gé e lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó ti ká kò kí ọ̀sán Sátidé tó pọ́n. Ìdájí ni kí ẹ gé e. Ẹ tún kọ́kọ́ bi àgbà ilé: l'Óṣogbo tí a wà yìí, ojúbọ òòṣà ni màrìwò ń mú wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, a sì ti rí ìdílé àna tó tìtorí rẹ̀ fajú ro.

Ìṣirò kéèkì ló ń tan èèyàn jù. Ká ní bọ́tà gíráàmù 250, fúláwà 250, ṣúgà 200, ẹyin 5 àti béékìn páúdà ṣíbí kékeré 2 ló ń lọ sínú páànù roboto íǹṣì 8. Fún páànù íǹṣì 12, àwọn kan á fi ìdajì lé e. Kéèkì pẹlẹbẹ ló máa jáde. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Bọ́tà àti fúláwà á tó gíráàmù 560 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣúgà 450, ẹyin 11. Ẹ dín iná kù, torí etí kéèkì ńlá á ti gbó kí àárín tó jinná. Kí ìdajì wákàtí tó pé, ẹ má ṣílẹ̀kùn ófùn. Ẹ gbé sìlíńdà gáàsì wò kí ẹ tó po ohunkóhun, torí kéèkì tí gáàsì tán lé lórí á rì ni.

Bọ́tà máa ń yọ́ láàárín dígírì 32 sí 35, ọ̀sán Òṣogbo lóṣù Kejì àti Ìkẹta sì ń dé ibẹ̀. Kéèkì tí ẹ bá fi bọ́tà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ má gbé e sábẹ́ kánópì títí á fi ku bíi wákàtí kan kí wọ́n gé e. Èyí tí ẹ fi fondant bò, ìyẹn ṣúgà pípò tí wọ́n ń tẹ́ pẹlẹbẹ bo kéèkì, ẹ má kì í bọ firíìjì: bó bá jáde á làágùn, àwọ̀ á sì ṣàn. Inú yàrá tó ní fáànù ti tó.

Fún kéèkì alájà mẹ́ta, àjà ìsàlẹ̀ kò lè dá ru tòkè. Gbogbo àjà ló gbọ́dọ̀ ní páálí líle tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gún sítíróò 6 tó nípọn sínú èyí tó jẹ́ íǹṣì 12, láàárín ibi tí páálí íǹṣì 9 ti àjà tó máa gùn ún máa gbà. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ gún síbi tó ga jù, ẹ sàmì sí i, ẹ yọ ọ́, ẹ gé e, kí ẹ gé gbogbo ìyókù bá a dọ́gba. Àṣìṣe ni láti máa gé ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ibi tó bọ́ sí. Òkè á dagun.

Ẹrù ìyàwó kò le. Ẹ kàn má fi ọ̀rá wé iṣu 42 náà látàárọ̀. Òòrùn á mú un làágùn nínú ọ̀rá. Ríbọ́ọ̀nù lọ́rùn ti tó. Bàlúùnù náà, ẹ má fọn ọ́n kún fọ́fọ́, òòrùn á bẹ́ ẹ.

Ẹ má mú ọjọ́ sínú oṣù Kẹjọ láìtíì sanwó àga àti kánópì: ọdún Ọ̀ṣun ń kó àlejò wọ̀lú nígbà náà, àwọn oníkánópì á sì ti níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ gbé àjà kéèkì lọ, lórí ibi tó tẹ́jú nínú mọ́tò, kì í ṣe orí itan, torí itan a máa dagun bí mọ́tò bá bọ́ sí kòtò. Ẹni tó máa tò ó pọ̀ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyá ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀; ibi tó bá ti ń sàmì sí sítíróò ni alága ìjókòó á ti máa pè é pé kó wá jó wọlé.